Òrúka Pupa Lára Àpò Ìyẹ̀fun

Ọjọ́rú ni ìròyìn náà dé, ní aago méjìlá ọ̀sán, nígbà tí gbogbo rédíò ojú pópó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin tó ń ka ìròyìn kò gbé ohùn sókè rárá. Ó ní ìjọba ti jọ̀wọ́ okùn owó ilẹ̀ wa, kí ó máa bá dọ́là rìn bí ọjà bá ṣe rí. Kí ó tó kan ìròyìn bọ́ọ̀lù, dọ́là kan tí wọ́n ń rà ní ọgọ́rùn-ún láàárọ̀ ti di ọgọ́jọ.

Kí aago méjì tó lù, ẹni tó ń ta ṣúgà ti fi owó kún un. Ẹni tó ń ta ọṣẹ fi kún un. Ẹni tó ń ta igi ìdáná, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló ti ń gé igi, òun náà fi kún un. Wọ́n bi í bóyá igi rẹ̀ gun ọkọ̀ ojú omi wá. Ó ní, "Igi ò gun ọkọ̀, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń gé e, mò ń jẹ búrẹ́dì."

Ibì kan ṣoṣo ni nǹkan kò ti yí padà. Ní ilé búrẹ́dì kékeré tó ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, Ìyá Oníbúrẹ́dì mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sára pátákó ẹnu ọ̀nà pé: "Iye àná ni mò ń tà títí ìyẹ̀fun tó wà nílẹ̀ yóò fi tán. Tó bá tán, màá sọ fún yín."

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún lẹ́yìn ìyẹn, àyà tó ti ń dùn ún láti ọdún tó kọjá mú un lọ.

Ọjọ́ kẹta ikú rẹ̀, ọlọ́pàá gbọ́ ọ̀rọ̀ àdúgbò, wọ́n sì wọ yàrá ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì náà. Wọ́n bá àpò ìyẹ̀fun mẹ́fà tó kún, wọ́n bá mẹ́wàá tó ti ṣófo. Gbogbo wọn ló ní òrúka pupa tí nọ́ńbà kan ṣoṣo, 7, wà láàárín rẹ̀. Àmì yẹn gan-an ló wà lára ọgọ́ta àpò tí Bàbá Àpò, oníṣòwò tó ń kó ìyẹ̀fun wọ̀lú, sọ pé olè kó lọ. Wọ́n mú ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ìyá náà bí. Ìsìnkú ku ọjọ́ mẹ́ta.

*

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbé fáìlì náà fún Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi pè é mọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ó máa ń kí gbogbo ayé ní "pẹ̀lẹ́", títí kan àwọn tó bá fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́. Láti oṣù mọ́kànlá tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ohùn rẹ̀ tún ti rọlẹ̀ sí i.

"Ọ̀gá, ẹjọ́ yìí ò le," ni Sájẹ́ǹtì wí. Ọmọbìnrin tó yá lẹ́nu tó sì yá lẹ́sẹ̀ ni. "Gbogbo oníbúrẹ́dì ló fi owó kún búrẹ́dì, àfi ìyá yìí. Ẹni tí kò fowó ra nǹkan nìkan ló lè tà á ní ọ̀pọ̀ báyẹn."

"Ṣé ìwọ náà ra búrẹ́dì rẹ̀?"

"Ojoojúmọ́, sà."

"Ó dára. A jẹ́ pé àwa méjèèjì la jọ jẹ ẹrù olè."

Ó ń ka ìwé tí Bàbá Àpò kọ wá lọ́jọ́ tí dọ́là gòkè, bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìwé náà kò gùn. "Aago mẹ́fà òwúrọ̀ òní, Ọjọ́rú, ni mo bá ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí mi ní ṣíṣí. Olè ti wọlé mọ́júmọ́ òní. Ọgọ́ta àpò ìyẹ̀fun olórùúka pupa ló kó lọ, ẹyọ kan kò kù. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ni àpò kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ìwé yìí lójú ẹsẹ̀, kí n tó jẹun."

"Ìgbà wo ló mú un wá síbí?"

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, sà. Ó ní òun kọ́kọ́ ń wá ìyẹ̀fun náà kiri fúnra òun."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ká ìwé náà, ó fi sí àpò àyà. Kò sọ fún Sájẹ́ǹtì pé ìyàwó òun kì í jẹ búrẹ́dì ẹlòmíràn. Ìdí búrẹ́dì, ibi tó pọ́n tó sì le díẹ̀ yẹn, ti obìnrin náà ni nígbà gbogbo. Títí di òní, òun ṣì máa ń gé e sọ́tọ̀ kí òun tó rántí.

*

Ọmọbìnrin Ìyá Oníbúrẹ́dì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ìyẹ̀fun ṣì wà nínú èékánná rẹ̀. Kò sunkún, ó jọ ẹni tó ti sun ún tán.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

"Ẹ ṣé, sà. Sà, ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n sin màmá mi?"

"Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ wá nìyẹn. Báwo ni ìyẹ̀fun yẹn ṣe dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Màmá mi ló rà á. Àpò mẹ́rìndínlógún, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti sanwó kí ọkọ̀ ojú omi tó dé. Bí gbogbo àwa oníbúrẹ́dì kéékèèké ṣe ń ṣe nìyẹn. A máa sanwó fún Bàbá Àpò ṣáájú, tí ẹrù bá dé, wọ́n á já a fún wa."

"Ìwé ẹ̀rí ńkọ́?"

Ó mi orí. "Ọjọ́ Ẹtì ni Bàbá Àpò máa ń kọ ìwé ẹ̀rí fún gbogbo ẹrù tó bá jáde lọ́sẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n já tiwa. Ọjọ́rú ni rédíò sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa di Ẹtì, ó ní olè ti ja òun, kò sí ìwé tí òun fẹ́ kọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ìyá rẹ ò bínú?"

"Ó ní ṣebí ìyẹ̀fun wà nílé, kí la fẹ́ fi ìwé ṣe? Ṣé ẹ máa ń fi ìwé po búrẹ́dì ni?" Ẹ̀rín kékeré kan yọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì tún pa rẹ́. "Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn."

"Kí ló dé tí kò fi owó kún un bíi tàwọn yòókù?"

"Mo bi í, sà. Ó ní, 'Owó àná ni mo fi rà á, báwo ni màá ṣe gba owó ọ̀la lórí ẹ̀?' Mo ní, 'Màámi, tí èyí bá tán, kí la máa fi ra òmíràn?' Ó ní, 'Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sára pátákó nìyẹn. N ò sọ pé kò ní wọ́n. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ṣáájú pé ó ń bọ̀ wá wọ́n.'"

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó dìde, ó ní kí wọ́n wá omi gbígbóná àti ọṣẹ fún ọmọbìnrin náà, kí ó fi fọ ọwọ́.

*

Ààrò ti tutù nínú ilé búrẹ́dì. Nínú yàrá ẹ̀yìn, àpò mẹ́fà tó kún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mẹ́wàá tó ṣófo wà lórí àpótí. Wọ́n ti fọ̀ wọ́n, wọ́n sì ti ká wọn létílétí bí aṣọ akọrin, òrúka pupa lókè, kí ẹni tó bá wọlé rí i.

"Sájẹ́ǹtì, tó bá jẹ́ ìwọ lo jí nǹkan yìí, kí lo máa fi àpò rẹ̀ ṣe?"

"Màá dáná sun ún, sà. Lójú ẹsẹ̀."

"Èmi náà. Mi ò ní fọ̀ ọ́ kí n tún ká a."

Ariwo kan bú sẹ́nu ọ̀nà kí ó tó parí ọ̀rọ̀. "Ọlọ́pàá dà? Wọ́n ti rí ìyẹ̀fun mi!" Oníbúrẹ́dì òdìkejì ọ̀nà ni, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bọ̀dá Aláriwo. Ó ti wọlé tán kí wọ́n tó ní kó wọlé.

"Pẹ̀lẹ́, bọ̀dá. Ìyẹ̀fun yín?"

"Àpò mẹ́wàá ni mo sanwó ẹ̀ ṣáájú nínú olórùúka pupa yẹn! Bàbá Àpò ní olè ti gbé e, ó dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n mi padà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Owó tí kò ra nǹkan mọ́! Ìyá yìí wá ń fi ìyẹ̀fun mi ta búrẹ́dì ọ̀pọ̀, gbogbo oníbàárà mi sá wá síbí. Ẹ ò rí ayé?"

"Ọ̀sán Ọjọ́rú yẹn lẹ fi owó kún tiyín. Ìyẹ̀fun wo ló wà lọ́wọ́ yín nígbà náà?"

"Èyí tí mo rà lóṣù tó kọjá."

"Ní iye àtijọ́?"

"Ọ̀gá, ẹ ò tíì ṣòwò rí o. Tí mo bá ta búrẹ́dì òní ní owó àná, ọwọ́ òfìfo ni màá nà sí ìyẹ̀fun ọ̀la. Mi ò ya ìkà. Ọmọ márùn-ún ló ń jẹun nílé mi."

Òótọ́ ni, Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba ni ẹni tó ń ta nǹkan òkè òkun lè rìn lẹ́yìn dọ́là kí dọ́là tó fà á ṣubú. Ó mi orí jẹ́jẹ́.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ìyá yìí ló gbé e?"

"Mo fojú mi rí i! Ọkọ̀ Bàbá Àpò fúnra ẹ̀ ló já a síbí. Awakọ̀ ẹ̀ ló wà á!"

Sájẹ́ǹtì fò sókè. "Awakọ̀! Ọ̀gá, ó ti yé mi. Awakọ̀ ló jí ẹrù ọ̀gá ẹ̀, ìyá rà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé e kó tó sá."

"Fara balẹ̀. Bọ̀dá, aago mélòó ni?"

"Aago mẹ́jọ àárọ̀. Ó ń tẹ fèrè mọ́ mi létí pé kí n kó birikì mi kúrò lọ́nà. Mò ń tún ààrò mi mọ lọ́jọ́ yẹn."

"Ọjọ́ wo nìyẹn?"

"Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé ni birikì dé."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ yọ ìwé láti àpò àyà, ó tún un kà sínú, ó dá a padà. "Bàbá Àpò ní mọ́júmọ́ Ọjọ́rú ni olè wọlé, ọgọ́ta àpò ló sì kó. Mẹ́rìndínlógún ti wà níbí láti Ọjọ́ Ajé. Sájẹ́ǹtì, ṣé èèyàn lè jẹ ẹran tí wọn ò tíì pa?"

"Bóyá awakọ̀ ti kọ́kọ́ jí díẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, sà."

"Bóyá. Ṣùgbọ́n olè wo lo mọ̀ tó ń tẹ fèrè ní aago mẹ́jọ àárọ̀?"

Bọ̀dá Aláriwo yíjú wo àpò mẹ́fà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó jọ pé ẹ̀rí tó gbé wá ti yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Bọ̀dá, ìyẹ̀fun wo lẹ ń lò báyìí?"

"Mo ra àpò márùn-ún lọ́wọ́ Bàbá Àpò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Ó ní ọkọ̀ mìíràn ló kó o dé."

"Ẹ mú wa lọ wò ó."

*

Àpò mẹ́ta ló kù nínú ilé búrẹ́dì òdìkejì. Kò sí òrúka lára wọn, kò sí nọ́ńbà, kò sí àmì kankan. Sájẹ́ǹtì yí wọn wò yípo, ó mí kanlẹ̀. "Kò sí nǹkan níbí, sà."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ àpò kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Etí aṣọ àpò náà rí játijàti, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ń yọ lára rẹ̀. Ó dúró pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Aránṣọ ni ìyàwó mi," ni ó wí. "Ó máa ń sọ pé inú aṣọ ni ojú tó rí játijàti ń gbé. Ìta kọ́. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi da èyí sínú ọpọ́n ńlá yẹn."

Wọ́n dà á. Eruku funfun bo gbogbo wọn. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ki ọwọ́ bọnú àpò tó ti ṣófo, ó yí inú rẹ̀ síta bí ẹni ń yí ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé. Òrúka pupa wà níbẹ̀, nọ́ńbà 7 wà láàárín rẹ̀.

Bọ̀dá Aláriwo fi ìdí lélẹ̀ sórí àpò kejì. Ohùn rẹ̀ kò ròkè mọ́.

"Ìyẹ̀fun mi ni mo tún rà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo sì ń pe òkú ní olè kiri àdúgbò."

"Pẹ̀lẹ́," ni Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wí.

Lọ́nà ilé ìkẹ́rùsí, Sájẹ́ǹtì ń fi ọwọ́ gbọn ìyẹ̀fun kúrò ní fìlà. "Ọ̀gá, tí dọ́là bá wálẹ̀ lọ́la, ṣé búrẹ́dì máa wálẹ̀?"

"Díẹ̀díẹ̀ bóyá, lẹ́yìn tí gbogbo wa bá ti gbàgbé. Iye ọjà mọ àkàbà gùn, kò mọ̀ ọ́n sọ̀."

*

Èèyàn dáadáa ni Bàbá Àpò lójú. Ó fún wọn ní àga, ó fún wọn ní omi tútù, ó kẹ́dùn ìyá tó kú. "Ta ló máa rò ó sí i? Obìnrin tó jẹ́jẹ́ báyẹn."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ìwé yìí, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Ní aago mẹ́fà àárọ̀?"

"Lójú ẹsẹ̀. Mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu."

"Kí rédíò tó sọ̀rọ̀ nípa dọ́là."

"Wákàtí mẹ́fà ṣáájú! Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ dáadáa. Kó má di pé ẹnìkan á sọ pé torí ìròyìn ni."

"Kò tíì sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ní aago mẹ́fà àárọ̀ yẹn, èló ni àpò ìyẹ̀fun kan?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́—"

Fáànù ń yí lókè. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó fi ìka sí ìlà kan.

"Ohun tẹ́ ẹ kọ síbí náà nìyẹn. Ọgbọ̀n ni, Bàbá. Ọgbọ̀n ni títí di ọ̀sán. Láyé yìí, kò sẹ́ni tó tíì pe àpò ìyẹ̀fun ní àádọ́ta kí ọkùnrin rédíò tó la ẹnu. Mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹnu oníṣòwò kì í padà sí iye àná. Tí iye bá ti yí, ó yí nìyẹn. Ẹ ò lè kọ ti àtijọ́ kódà tẹ́ ẹ bá ń purọ́. Ẹ kọ ìwé yìí lẹ́yìn ọ̀sán, lẹ́yìn tẹ́ ẹ gbọ́ ìròyìn."

Sájẹ́ǹtì gbé àpò tí wọ́n ti yí síta lé orí tábìlì. Òrúka pupa náà ń wo Bàbá Àpò.

Ó fọwọ́ kan òrúka náà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó dà bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Àpò mẹ́rìnlélógójì ló kù tí mo jẹ àwọn oníbúrẹ́dì, wọ́n sì ti sanwó. Tí mo bá kó o fún wọn ní ọgbọ̀n, dọ́là ni màá fi ra òmíràn, owó wọn ò sì ní ra ju mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ. Lẹ́ẹ̀mejì irú ìyẹn, mo ti kógbá sílé. Mo bẹ̀rù. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń ṣe òwò yìí."

"Mo gbà pé ẹ̀ ń bẹ̀rù. Ìyá Oníbúrẹ́dì ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ já tiẹ̀ fún un lọ́jọ́ Ajé."

"Nígbà tí ọlọ́pàá wá sọ pé àwọn ti rí àpò mi, kí ni kí n sọ? Ó ti kú. Mo rò pé òkú ò ní ohun tí yóò pàdánù mọ́."

"Ó ní orúkọ. Ó sì ní ọmọ." Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ dìde. "Ìṣòro kan náà ló bá ẹ̀yin méjèèjì, Bàbá, lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Ẹ bá pe àwọn oníbúrẹ́dì jọ, kẹ́ ẹ sọ fún wọn bó ṣe rí. Òun mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ tiẹ̀ síta. Ẹ̀yin yí àpò padà. Pẹ̀lẹ́. Sájẹ́ǹtì, bá Bàbá mú ẹ̀wù rẹ̀."

*

Ọmọbìnrin náà jáde ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ó sin ìyá rẹ̀. Bọ̀dá Aláriwo wà lára àwọn tó gbé pósí. Wọ́n ní kò sọ ọ̀rọ̀ kan láti ilé dé ibojì, ẹnu sì ya gbogbo èèyàn.

Ní kùtùkùtù Ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ àti Sájẹ́ǹtì gba iwájú ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé kọjá. Iná ti ń jó nínú ààrò. Àwọn èèyàn ti tò sẹ́nu ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó ń pariwo nínú wọn. Òórùn búrẹ́dì ti kún ojú ọ̀nà.

Ọmọbìnrin náà dúró níwájú pátákó. Èjìká àwọn ọlọ́pàá tó wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá ti nu apá kan ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. "Iye àná" ṣì hàn, ṣùgbọ́n "títí ìyẹ̀fun" ti di eruku.

"Àpò mẹ́fà ló kù, sà," ni ó wí. "Ọjọ́ méjìlá. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbọ́dọ̀ fi owó kún un. Mo ti ṣírò ẹ̀ títí, kò sí ọ̀nà míì."

"Ìyá rẹ ti sọ fún wọn," ni Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ dáhùn. "Wọn ò ní bá ọ jà."

"Jẹ́ kí n bá ẹ nù ún, kí n tún un kọ," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ọwọ́ mi dára, wọ́n máa ń yìn mí nílé ìwé."

"Ẹ ṣé, àǹtí. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Ó fún Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ní búrẹ́dì rẹ̀, ó gba owó rẹ̀, iye àná. Ó wá mú ṣọ́ọ̀kì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti lẹ́tà àkọ́kọ́, ó ń tọ ipa ọwọ́ ìyá rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Níbi tí ìyá rẹ̀ ti tẹ̀, ó tẹ̀. Níbi tó ti dúró mí, òun náà dúró. Ìrù "y" ìyá rẹ̀ máa ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì fa tirẹ̀ gùn bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tó dé "màá sọ fún yín", ó fi àmì ìdánudúró síbi tí ìyá rẹ̀ fi í sí, ó fẹ́ eruku kúrò ní ìka, ó sì yíjú sí ẹni tó kàn lórí ìlà.